Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn? Àgbéyẹ̀wò Ìpinnu Nínú Òfin àti Òṣèlú, Láti Sabon Gari ní Kano

Igo bíà kan tó wà lórí káńtà ní Sabon Gari, Kano, wà lábẹ́ òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ tó pọn ọ́n ní ìwé àṣẹ, ó sì ti san owó orí lé e lórí fún ìjọba àpapọ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Òfin ìpínlẹ̀ Kano ti 2004 ní tirẹ̀ sọ pé ọtí tó ń pa èèyàn di èèwọ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀, àti títà rẹ̀ àti mímu rẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè jẹ́ oníṣòwò, ó sì lè jẹ́ arúfin, ọwọ́ ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ náà ló kù sí. Bí òfin bá le, oníṣòwò á wá bí yóò ṣe gbé e. Èyí tó ń kó o láyà sókè ni pé kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un, lọ́nà tí àríyànjiyàn fi máa tán, èwo nínú méjèèjì ló borí.

Ìbéèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ igo yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí òfin bá dákẹ́, tàbí tí òfin méjì bá ń fa èèyàn kan tọ̀túntòsì, ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn? Ṣé ọba ni, ṣé adájọ́ ni, ṣé ìwé òfin fúnra rẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń gbé ìlú? Níbo ni ìpinnu ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti rí agbára tó fi ń múlẹ̀? Mo fẹ́ yẹ ohun tí àwọn onímọ̀ sọ wò, kí n sì fi ìtàn Sabon Gari wọ̀n ọ́n, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààlà àdúgbò yìí ni ẹlòmíràn ti ń pinnu fún un. Èrò tèmi ni pé ìpinnu tí kò dára kọ́ ló ṣe Sabon Gari ní jàǹbá jù. Èyí tí àwọn aláṣẹ sá fún ló ṣe é, àti èyí tí wọ́n ṣe láìjẹ́ kí ẹni tó máa jìyà rẹ̀ mọ ẹni tó ṣe é.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí

Thomas Hobbes ni ká fi ṣáájú. Ogun abẹ́lé jà nígbà ayé rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì tẹ Leviathan jáde ní 1651, ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ọgbọ́n kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di òfin, àṣẹ ẹni tó sọ ọ́ ni. Ọlọ́gbọ́n mẹ́wàá lè má fohùn ṣọ̀kan. Bí kò bá sí ẹni tó lè fòpin sí àríyànjiyàn wọn, idà ni yóò fòpin sí i.

Carl Schmitt, ọmọ Jámánì, mú ọ̀rọ̀ náà le sí i ní 1922 nínú Politische Theologie. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan ń lọ déédéé kọ́ là ń mọ ẹni tó ni ìlú. Ọjọ́ tí ìlú ò bá fara rọ ni. Ẹni tó bá lágbára láti kéde pé ìlú ò fara rọ, tó sì lè ti òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gba ìlú là, òun gan-an ni aláṣẹ. Abala 48 nínú ìwé òfin Jámánì ti 1919 ló ń wò, èyí tó fún ààrẹ láyè láti dá ẹ̀tọ́ aráàlú dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní 1933, Schmitt wọ ẹgbẹ́ Hitler. Àbàwọ́n yẹn kò ṣeé fọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó béèrè kò tíì kú.

Hans Kelsen, ará Vienna, tó bá wọn kọ ìwé òfin Austria ti 1920, ló kọjú ìjà sí i. Kelsen ní kò sí ìpinnu tó dá dúró: adájọ́ ń fẹ̀yìn ti òfin, òfin ń fẹ̀yìn ti ìwé òfin ìlú, ìwé òfin ìlú náà sì ń fẹ̀yìn ti ìlànà ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ti gbà láìjiyàn. Ẹni tó bá pinnu láìní òfin lẹ́yìn kàn ń lo agbára lásán ni. Ní 1931 àwọn méjèèjì forí gbárí lórí ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ìwé òfin ìlú. Schmitt ní ààrẹ ni, Kelsen ní ilé ẹjọ́ ni.

Lẹ́yìn wọn, H.L.A. Hart ti Oxford wá gba àárín ní 1961. Ó ní ọ̀rọ̀ òfin ní inú tó mọ́lẹ̀ kedere, ó sì ní etí tó ṣókùnkùn. Nínú ìmọ́lẹ̀, adájọ́ kàn ń tẹ̀ lé òfin ni, ṣùgbọ́n tó bá dé etí, àfi kó fi làákàyè tirẹ̀ yàn. Ronald Dworkin, ọmọ Amẹ́ríkà, kò gbà. Ó ní bó ti wù kí etí náà ṣókùnkùn tó, ìdáhùn tó tọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ adájọ́ sì ni láti wá a rí. Ní 1962 àti 1963, Peter Bachrach àti Morton Baratz mú nǹkan mìíràn wá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òṣèlú: agbára ní ojú kejì, ìyẹn kí ẹni tó wà nípò rí i pé ọ̀rọ̀ kan kò dé iwájú ìgbìmọ̀ rárá. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti pinnu, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí nínú ìwé kankan. Èrò àwọn méjì yìí ni kí òǹkàwé mú dání dáadáa.

Kano àti Ọ̀yọ́ ti rò ó ṣáájú

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ronú sí i. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Muhammad al-Maghili, àfáà ńlá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, kọ ìwé ìmọ̀ràn lórí ojúṣe ọba fún Muhammadu Rumfa, tó jọba Kano láti 1463 sí 1499. Ọba wà lábẹ́ ṣàríà, al-Maghili kò fi èyí ṣeré, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kó ye Rumfa pé ọba láyè láti ṣe ohun tí àlàáfíà ìlú bá béèrè láti dá ọwọ́ ọ̀daràn dúró. Rumfa yìí kan náà ni ìtàn Kano sọ pé ó dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, Tara ta Kano, sílẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ló wá èèyàn mẹ́sàn-án tí yóò máa bá a gbìmọ̀.

Ní Ọ̀yọ́, ẹnu Aláàfin ni àṣẹ ti ń jáde, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn méje tí Baṣọ̀run ń ṣolórí fún, lè kọ ọba, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kú. Ògbóni tún wà tó ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Láàárín 1754 sí 1774, Baṣọ̀run Gáà fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí ẹni tó yẹ kó máa dá ọba lẹ́kun bá sọ àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ di ohun ìní ara rẹ̀. Ọba ń kú tẹ̀ lé ọba, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Àrẹ̀mọ Adélù gorí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti pinnu, dípò kó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìbàdàn gbà á lọ́ba, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ọba lè fi ìpinnu ara rẹ̀ pa àṣà tó gbé òun dórí oyè rẹ́? Kelsen ìbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí, Schmitt ìbá gbè sẹ́yìn Àtìbà. Ogun ló parí ẹjọ́ náà, Ìjàyè sì tú ní 1862.

Àdúgbò tí ìpinnu àwọn ẹlòmíràn dá sílẹ̀

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kano ní 1903. Nígbà tó fi máa di 1912, ọ̀nà ojú irin ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Èkó, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti gúúsù sì ń ya wọlé. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọmọ Kano gbé inú odi ìlú, kò sì fẹ́ wọn ní àdúgbò àwọn òyìnbó. Ní nǹkan bí 1913, wọ́n pààlà Sabon Gari sí ẹ̀yìn odi. Òfin ìlú tí Lugard ṣe ní 1917 wá fìdí irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ káàkiri. Orúkọ òpópónà bíi Yoruba Road, Ibo Road, Enugu Road àti Ogbomosho Avenue ń sọ irú àwọn tó kọ́ ilé síbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n pè sí ìpàdé tí wọ́n ti pín ilẹ̀ náà.

Fún bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ òyìnbó ni àkóso Sabon Gari wà tààrà. Ní 1940, wọ́n fà á lé ìjọba ìbílẹ̀ Kano, tí wọ́n ń pè ní N.A., lọ́wọ́, ó sì bọ́ sábẹ́ ọba Kano. Yorùbá ní ẹni a bá lábà ni baba, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iwájú alkali, adájọ́ ṣàríà, ni wọn yóò ti máa jẹ́jọ́ gbèsè, ìgbéyàwó àti ogún. Kóòtù tí wọ́n ń pè ní Mixed Court ni ìjọba fi pa ẹkún wọn, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ àwọn àjèjì láìfi ti ṣàríà ṣe.

Irú àdéhùn yìí tún hàn lẹ́yìn náà ní gbogbo Àríwá. Ní 1958, ìgbìmọ̀ kan tí adájọ́ àgbà Sudan, Abu Rannat, ṣe alága rẹ̀ dábàá kí Àríwá ní ìwé òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn. Òfin náà, Penal Code, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1960, ọjọ́ kan ṣáájú òmìnira. Abala 403 rẹ̀ sọ ọtí mímu di ẹ̀ṣẹ̀ fún Mùsùlùmí nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ń tẹ̀ lé ẹni, kò tẹ̀ lé ilẹ̀. Mùsùlùmí tó bá lọ mutí ní Sabon Gari ti rúfin, Kìrìsìtẹ́nì tó jókòó tì í kò rúfin kankan. Àwọn tó jókòó yíká tábìlì ló fohùn ṣọ̀kan sórí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ̀wé kà sì lè rí ibi tí ẹ̀tọ́ òun parí sí. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìpinnu yẹn fi dúró.

Ìwé àṣẹ tí wọ́n fún ni, tí wọ́n tún gbà padà

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dábàá nílé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹni ní 1956. Sardauna, aṣáájú àwọn aṣojú Àríwá, ní kí wọ́n yọ ọdún kúrò níbẹ̀, kó di ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣojú Àríwá ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn aṣojú náà sì gbé ìbínú náà délé. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ Action Group múra láti wá ṣe ìpàdé ní Kano, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì ni aṣáájú wọn. Àwọn aláṣẹ ti fọwọ́ sí ìpàdé náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú gbóná, wọ́n fagi lé e. Rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún kò dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 19. Ìwé ìjọba sọ pé èèyàn 36 kú, 15 nínú wọn jẹ́ ará Àríwá, 21 jẹ́ ará gúúsù, àwọn 241 sì fara pa.

Ká fi ojú Hart wò ó. Òfin fún aláṣẹ lágbára láti fún ni ní ìwé ìpàdé, kò sì sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ kọ̀. Etí òfin nìyẹn, a kò sì lè dá aláṣẹ lẹ́bi pé ó lo làákàyè. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ kan náà fún ni, ó sì tún gbà padà nígbà tí ariwo pọ̀. Àwọn èrò tó wà nígboro kọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀: ẹni tó bá lè pariwo jù ló ń pinnu.

Ẹ̀kọ́ yẹn tún padà wá ní oṣù Kẹwàá 1991. Wọ́n gbà kí Reinhard Bonnke, oníwàásù ọmọ Jámánì, wá ṣe ìsọjí ní Kano. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń kùn pé wọn kò gba Ahmed Deedat, oníwàásù Islam láti South Africa, láyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 14, ìlú bú gbàù, ẹ̀mí ṣòfò, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn sì jóná. Dworkin ní kí adájọ́ máa wo bí ìpinnu òní ṣe bá ti àná mu. Ó yẹ kí àwọn tó ń fún ni níwèé ìpàdé náà kọ́ ọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ẹni tó gba ẹnì kan láyè tó sì kọ fún ẹnì kejì láìsọ ìdí ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ ọ tán.

Láti Ìbàdàn dé ìjọba ológun

Akíntọ́lá tí wọ́n kọ̀ fún ní Kano ló tún di kókó ẹjọ́ tó kọ́ Nàìjíríà nípa ìpinnu jù lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1962, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nípò Olórí Ìjọba lórí lẹ́tà tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, ó sì fi Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ìwé òfin sọ pé gómìnà lè yọ ọ́ bó bá hàn sí gómìnà pé àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ hàn? Ní oṣù Keje 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ní àfi nípa ìbò nílé aṣòfin. Ní oṣù Karùn-ún 1963, Privy Council ní London ní lẹ́tà náà tó, ojú gómìnà ni òfin sọ pé kó hàn sí. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin padà kíákíá, ó sì jẹ́ kí àyípadà náà padà sẹ́yìn dé 1960, ni ìdájọ́ London bá di òfo. Kí ìdájọ́ méjèèjì tó jáde, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1962, Tafawa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, ti kéde ìlú-ò-fararọ, ó sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Ilé ẹjọ́ méjì pinnu, ilé aṣòfin pinnu, olórí ìjọba àpapọ̀ pinnu, kò sì sí èyí tó fòpin sí ìjà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní wẹ́tìẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gbàjọba, Ironsi tó jẹ́ olórí wọn fi òfin ológun nọ́ńbà 34 pa àwọn agbègbè rẹ́, ó sọ Nàìjíríà di ìjọba kan ṣoṣo. Bí Schmitt bá ń wá ẹni tó pinnu láìsí ìdíwọ́, òun nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ ní Kano àti àwọn ìlú Àríwá mìíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, Gowon tó rọ́pò rẹ̀ fi òfin nọ́ńbà 59 dá àwọn agbègbè padà. Ìpinnu tí kò gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá kò gbé tó oṣù mẹ́rin.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi tó ti Ìwọ̀-Oòrùn wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá ṣolórí rẹ̀ sọ pé ìjọba ológun kò láṣẹ láti fi òfin gba dúkìá ẹni tí kóòtù kò dá lẹ́bi, nítorí pé ìwé òfin ìlú ṣì wà láàyè. Kelsen ìbá pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ìjọba ológun gbé òfin nọ́ńbà 28 jáde: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966 jẹ́ ìyípadà pátápátá, kóòtù kankan kò sì gbọ́dọ̀ yẹ òfin àwọn ológun wò mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìdájọ́ náà fi lò.

Ilé àwọn Ìgbò

Bí a bá dúró síbí, a ó rò pé aláṣẹ tó ń pinnu láìsí kóòtù kò lè ṣe rere. Sabon Gari ní ẹ̀rí òdìkejì. Nígbà tí àwọn Ìgbò sá kúrò ní Kano lẹ́yìn ìpakúpa 1966, wọ́n fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ Kano bójú tó àwọn ilé náà, wọ́n gba owó ilé pa mọ́, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà sì parí ní 1970, àwọn onílé padà wá gba ohun ìní wọn. Ní Port Harcourt, wọ́n sọ ilé àwọn Ìgbò di dúkìá aláìlólúwa, ìjà rẹ̀ kò sì tán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, ìpinnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ìdájọ́ kóòtù tó mú Kano ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nípò ló yàn án, wọ́n sì ṣírò owó náà fún onílé níṣojú gbogbo èèyàn. Lára ohun tó mú Ìgbò tún padà kún Sabon Gari nìyí.

Ṣàríà, Hisbah, àti ilé ẹjọ́ tó yẹra

Lẹ́yìn tí Zamfara kéde ṣàríà ní oṣù Kẹwàá 1999, èrò rọ́ sígboro ní Kano pé kí ìjọba wọn náà ṣe é. Gómìnà Rabiu Kwankwaso lọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ayẹyẹ ìkéde ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2000, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ní 2003 òfin dá ìgbìmọ̀ Hisbah, tó ń rí sí pípa ṣàríà mọ́, sílẹ̀, ní 2004 òfin ọtí dé. Wọ́n ní ṣàríà kò kan ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àmọ́ òfin ọtí kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni: ilẹ̀ Kano ló tẹ̀ lé. Àdéhùn 1960 fò lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni pe àwọn ará Sabon Gari jókòó.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní abala 10, tó ní kí ìjọba kankan má sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba, àti abala 38 tó dáàbò bo òmìnira ẹ̀sìn. Ó tún fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin, ó sì fọwọ́ sí kóòtù ṣàríà fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ṣókùnkùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ló yẹ kó tan iná sí i. Ní oṣù Kẹta 2002, mínísítà ètò ìdájọ́, Kanu Agabi, kọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà tí ọ̀rọ̀ kàn pé ìjìyà tó yàtọ̀ fún Mùsùlùmí ta ko ìwé òfin. Lẹ́tà náà ni òpin rẹ̀. Ìjọba Ọbásanjọ́ kò gbé ìpínlẹ̀ kankan lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lórí ṣàríà.

Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ní Hisbah kò bófin mu, ọlọ́pàá sì mú méjì nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kano fúnra rẹ̀ ló wá gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Kẹta 2007, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà nù: wọ́n ní kì í ṣe irú ìjà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ tí òfin ní kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́. Ní ti ìlànà kóòtù, ó lè tọ̀nà. Ní ti ìlú, ilẹ̀kùn tó tóbi jù ti tì, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn ìbéèrè tó wà nídìí ẹjọ́. Bachrach àti Baratz kò mọ Kano, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe gan-an nìyí.

Ohun tó rọ́pò ìpinnu ni ìgbà-dé-ìgbà. Oṣù kan á lọ láìsí wàhálà. Ní oṣù kejì, Hisbah á dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n fọ́ igo bíà tó tó 240,000 ní gbangba. Síbẹ̀ ilé ọtí kò kúrò ní Sabon Gari, ọtí kò sì kúrò ní bárékè àwọn ológun tó wà nínú ìlú kan náà. Owó VAT tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún gbogbo ìpínlẹ̀, èyí tó jáde lára bíà wà nínú rẹ̀, Kano sì ń gba ìpín tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn adájọ́ pọ̀ jù

Láàárín 2023 sí 2025, ohun mìíràn ló tún yọjú. Kóòtù tó ń pinnu wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò fagi lé ìbò 165,663 Gómìnà Abba Kabir Yusuf, ó sì ní Nasiru Gawuna ló wọlé. Ní oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà ìdájọ́ jáde, apá kan nínú rẹ̀ ń gbè sẹ́yìn Yusuf. Àṣìṣe akọ̀wé ni, kóòtù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kínní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá gbogbo rẹ̀ nù, Yusuf sì dúró sípò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé aṣòfin Kano pa òfin 2019 tó pín ìtẹ́ ọba sí márùn-ún rẹ́, gómìnà sì dá Muhammadu Sanusi Kejì padà sórí ìtẹ́. Aminu Ado Bayero, ọba tí wọ́n yọ, kò gbà, ó wà láàfin Nassarawa. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ pa àṣẹ kan, ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ pa òmíràn tó ta kò ó. Ní oṣù Kínní 2025, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ti ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ó tún dá ìmúṣẹ ìdájọ́ ara rẹ̀ dúró di ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù bá sọ̀rọ̀. Ìlú tí Rumfa fi ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án ṣètò wá ní ọba méjì nínú ààfin méjì.

Èwo ni ká gbà?

Schmitt tọ̀nà pé ẹnì kan ló máa pinnu nígbẹ̀yìn, ìwé kì í dìde rìn. Ṣùgbọ́n 1966 fi hàn pé ìpinnu tí a kò fi lọ àwọn tó máa gbé e kì í pẹ́ wó. Kelsen tọ̀nà pé ó yẹ kí òfin ti sọ ẹni tó máa pinnu kí ìjà tó dé. Ẹjọ́ Lakanmi àti ti 2007 sì fi ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ ti já hàn: a lè fi ìbọn dí kóòtù lẹ́nu, kóòtù sì lè di ara rẹ̀ lẹ́nu. Ti Hart wúlò, nítorí pé etí òfin ni Sabon Gari ń gbé. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ ìtàn àdúgbò yìí jù ni ti Bachrach àti Baratz. Láti 1913, ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n jù ni kì í dé tábìlì.

Àwọn ìpinnu tó dúró pẹ́, Penal Code ti 1960 àti ìdápadà ilé àwọn Ìgbò, jọ ara wọn lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó pinnu hàn, ohun tó pinnu hàn, ẹni tó kàn sì lè fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó tú ká kò ní ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi sí ìjọba Kano ni pé kí ó pe àwọn aṣojú Sabon Gari jókòó, kí ó kọ ọ́ sínú òfin bóyá ẹni ni òfin ọtí ń tẹ̀ lé tàbí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ni, kí ó fún oníṣòwò ní àkókò tó tó láti palẹ̀ mọ́. Bí ẹni ni, kí Hisbah jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà yòókù tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n dín ẹ̀bẹ̀ kù, kí wọ́n gba agbẹjọ́rò, kí wọ́n gbé abala 38 lọ sí kóòtù, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ẹjọ́ náà dé òkè pátápátá. Wọ́n lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi lábẹ́ òfin tó yé e lè kó ọjà rẹ̀ lọ síbòmíràn kó sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọn kò dá ẹjọ́ rẹ̀ rárá kò lè lọ, kò sì lè dúró.